Ẹ̀yìn Tí Wọ́n Pè Ní Ti Aláṣọ

Ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, àwọn ọmọdé tí kò mọ ìdí rẹ̀ náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Tó bá ti gbé orí èèyàn lé etí àwo ìfọrun, tó da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i, tó wá ki ìka bọ inú irun, olúwarẹ̀ á kọ́kọ́ mí kanlẹ̀, lẹ́yìn náà ni oorun á gbé e lọ. Ìyá kan wà láàrin àwọn oníbàárà rẹ̀ tó jẹ́ tíṣà. Ìyá náà máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá jókòó lórí bẹ́ǹṣì pé òun kì í sùn nílé ọkọ òun, pé ṣọ́ọ̀bù Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ lòun ń wá sùn, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún ọkọ òun.

Ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún ò ju yàrá kan lọ. Dígí gígùn kan wà níbẹ̀ tó ti là ní igun, àti àga mẹ́ta, àti bẹ́ǹṣì àwọn tó ń dúró de tiwọn, àti pẹpẹ tí ìgò ṣampú àti ìpara irun tò sí bí ọmọ iléèwé lórí ìlà. Ìlẹ̀kùn méjì ló ní. Tiwájú ni ti oníbàárà. Tẹ̀yìn, tó já sí àgbàlá, ni ti ará ilé.

Tẹ̀yìn ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń gbà wọlé. Ọmú kan náà ni àwọn méjèèjì mu, ẹ̀gbọ́n yìí ò sì gbà kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan orí òun láéláé. Tí ọjọ́ ìsinmi bá ti pé, á wọlé, á fa àpótí kékeré jáde lábẹ́ pẹpẹ, á jókòó sáàrin ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀, á tú síkáàfù, á máa tú irun tó ti gbó fúnra rẹ̀ láti iwájú wá sẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ ò sì ní dákẹ́. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ ló ń kó wá síbẹ̀.

Iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ tí èèyàn ń rí lójoojúmọ́. Ilé kan ni ó ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń dán ìpara wò lára èèyàn kó tó dé ọjà. Ó máa ń wọ kóòtù funfun, bàtà rẹ̀ kì í sì í dún nílẹ̀. Òun ló kọ́ àbúrò rẹ̀ pé ohunkóhun tí omi bá wà nínú rẹ̀, bó pẹ́ bó yá, á bu bí ọbẹ̀ tí wọ́n gbàgbé sídìí ààrò. Pé ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi oògùn kan sínú ìpara àti ṣampú, èyí tí kì í jẹ́ kó bàjẹ́. Ṣùgbọ́n oògùn tó lè pa ohun tó ń ba ìpara jẹ́, ó yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ bi í léèrè bóyá ó máa fi awọ sílẹ̀.

“Ọlọ́dẹ ni wọ́n gbà sínú ìgò,” bí ẹ̀gbọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. “Iṣẹ́ tèmi ni kí n wò ó kí ọlọ́dẹ má lọ máa na onílé.”

Gbogbo bẹ́ǹṣì á bú sẹ́rìn-ín. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ náà á rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wú u lórí. Ìgbà tí bàbá wọn kú, ẹ̀gbọ́n yìí ló fi iléèwé sílẹ̀ kí àbúrò lè rí iṣẹ́ ọwọ́ kọ́. Òun ló ra àwo ìfọrun àkọ́kọ́, òun ló sì fi orí ara rẹ̀ rù ú wá. Nítorí náà, tí ẹ̀gbọ́n bá ní kí ó wá, kì í béèrè ibi tí wọ́n ń lọ.

Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n wọlé láìtú síkáàfù ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní ọlọ́dẹ tuntun kan ti dé, gbogbo àwọn tó ń po ìpara ló ń dúró dè é. Àwọn tó máa yá wọn ní ẹ̀yìn láti fi dán an wò ti pé tẹ́lẹ̀, àfi bí ọ̀kan ṣe rìnrìn àjò lójijì. Bí wọn ò bá rí ẹlòmíràn, gbogbo rẹ̀ á fìdí rẹmi, ọ̀gá á sì sọ pé òun ló fà á, bẹ́ẹ̀ ó kù díẹ̀ kí wọ́n fi òun ṣe olórí yàrá. Ó ní kí àbúrò òun jọ̀ọ́, kó yá òun ní ẹ̀yìn.

Kò sí ohun tó le nínú ìyẹn, àfi ohun kan. Ilé náà ní òfin. Ẹni tó bá wá yá wọn ní ẹ̀yìn, wọ́n á bi í nípa iṣẹ́ rẹ̀. Onídìrí, alágbàfọ̀, ẹni tó ń fọ abọ́ nílé oúnjẹ, gbogbo ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbé inú ọṣẹ, wọn kì í gbà wọ́n. Ara irú wọn ti ń bá àwọn oògùn wọ̀nyẹn pàdé tipẹ́. Ó lè ti máa bínú sí i lábẹ́lẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀, kó jẹ́ pé ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù kó bú jáde. Ẹ̀gbọ́n mọ òfin yìí ju ẹnikẹ́ni lọ, torí òun ló máa ń dá wọn padà lẹ́nu ọ̀nà.

“Sọ fún wọn pé aṣọ lò ń tà,” ẹ̀gbọ́n wí.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò ní ṣe mí ní nǹkan báyìí?”

“Ta ló máa ṣe ọ́ ní nǹkan tí mo wà níbẹ̀?”

Báyìí ni onídìrí ṣe di aláṣọ.

Yàrá ìdánwò náà tutù, ó sì mọ́ débi pé èèyàn á fẹ́ bọ́ bàtà. Bẹ́ẹ̀dì tóóró ló wà níbẹ̀, gílóòbù ńlá kan sì rọ̀ sókè rẹ̀ tó ń fi gbogbo àléébù ara hàn. Wọ́n á lẹ pílásítà tó ní ojú róbótó-róbótó mọ́ ẹ̀yìn èèyàn. Ojú kọ̀ọ̀kan ní oògùn tirẹ̀, wọ́n á sì fi bírò kọ nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lára awọ. Ohun tó wà lábẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, àwọn tó ń lẹ̀ ẹ́ pàápàá ò mọ̀. Yàrá ọ̀gá ni ìmọ̀ yẹn mọ, kí ojú ẹni tó ń yẹ ẹ̀yìn wò má baà ṣe ojúsàájú. Wọ́n á tú u, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á tún lẹ òmíràn síbi kan náà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wọ́n á wá fi ara sílẹ̀ kó sinmi. Ìkẹyìn ni wọ́n á lẹ ti ìdájọ́ sí ibòmíràn tí ohunkóhun ò tíì kàn, láti mọ̀ bóyá ara ti gba oògùn náà bí àlejò tàbí bí ọ̀tá. Wọn kì í sì í yẹ èyí wò lẹ́ẹ̀kan, torí awọ kan wà tó jẹ́ pé ó máa ń rò ó kó tó bínú. Èèyàn ò gbọdọ̀ bu omi sí ẹ̀yìn, kò gbọdọ̀ họ ọ́.

Àwọn obìnrin tó ń yá wọn ní ẹ̀yìn ti di ọ̀rẹ́ ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn sọ pé ọkọ òun ní òun ò mọ̀ mọ́ bóyá ìyàwó lòun fẹ́ tàbí lẹ́tà, gbogbo ara ti di sítáǹbù. Nígbà tí wọ́n bi Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ bí ọjà aṣọ ṣe ń lọ, ó ní ó ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ojú tì í. Kò mọ iye tí wọ́n ń ta ọ̀pá aṣọ kan.

Nígbà tí wọ́n tú pílásítà ìdájọ́, kò sí nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n fi ọwọ́ gbá a léjìká, inú rẹ̀ dùn. Ọjọ́ kejì ni ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Kì í ṣe yíyún tí èèyàn ń họ tó ń dùn. Ó dà bíi pé wọ́n da èèrùn sábẹ́ awọ, tí wọ́n wá rán an pa. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ jókòó lé ọwọ́ ara rẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ti ògiri tó tutù, ó di eyín, ó rántí ohun tí wọ́n sọ, kò sì họ ọ́. Kò fi èékánná kan kàn án.

Ó padà lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kejì. Òun àti ẹ̀gbọ́n nìkan ló wà nínú yàrá. Ó gbé aṣọ sókè, ó sì ń gbọ́ èémí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́rùn. Nígbà tó yá, kò gbọ́ ọ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mú dígí ọlọ́wọ́ méjì, ó gbé ọ̀kan sẹ́yìn, ó fún un ní ìkejì. Gbogbo ẹ̀yìn dán mọ́rán, àfi ibi nọ́ńbà keje. Ibẹ̀ wú, ó pọ́n bí ẹyin iná, ó lé kéékèèké, omi sì kún inú èyí tó lé náà.

Ẹ̀gbọ́n lọ ti ìlẹ̀kùn. Ó sọ̀rọ̀ kíákíá, ohùn rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀. Ó ní tí òun bá sọ ọ́ bó ṣe rí, wọ́n á pè é wọ yàrá ọ̀gá, wọ́n á bi í léèrè láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, wọ́n á tọpa rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n á mọ̀ pé onídìrí ni, wọ́n á sì mọ ẹni tó mú un wá. Iṣẹ́ òun á bọ́. Ìyá wọn tó ń gba oògùn lóṣooṣù, ta ló máa rà á fún un?

“Sọ pé o họ ọ́,” ẹ̀gbọ́n wí. “Ọ̀rọ̀ kan péré ni.”

Ọ̀gá wọlé. Ọkùnrin tínínrín kan ni, awò ojú méjì ló máa ń so kọ́ ọrùn, kì í sì í pariwo. Ó tẹ̀ ba, ó wo nọ́ńbà keje, ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ó bi Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ bóyá ó fọwọ́ kàn án.

“Mo họ ọ́, sà.”

Ọ̀gá pòṣé. Ó ní irú ìyáàfin yìí ló ń ba iṣẹ́ àwọn jẹ́, wọ́n ti sọ fún un, kò gbọ́, ṣé ọmọdé ni. Ó ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ tó ti jókòó lé ọwọ́ ara rẹ̀ títí tí ọwọ́ fi kú, ó tẹríba, ó tọrọ àforíjì. Wọ́n dájọ́ pé ọlọ́dẹ tuntun náà ò na onílé kankan. Láìpẹ́, ẹ̀gbọ́n di olórí yàrá.

Ẹ̀yìn náà jinná. Àpá dúdú róbótó kan ló kù níbẹ̀, ẹ̀yìn èèyàn kì í sì í ṣe ibi tí ojú ẹni ń dé, Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ gbàgbé. Awọ ni kò gbàgbé.

Nígbà tí ṣampú tuntun kún ọjà, tí àwọn tó ń kó o kiri gbé e dé ṣọ́ọ̀bù, àárín ìka ló kọ́kọ́ ń yún un. Ó rò pé omi gbígbóná ni. Ẹ̀yìn ọwọ́ wá ń sán bí ilẹ̀ tí òjò kọ̀, omi ń sun jáde níbẹ̀, ìka ò sì ṣe é ká mọ́. Ó fi ọwọ́ náà han ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n kẹ́dùn, ó sì mú ike ìpara ọwọ́ kan wá fún un láti ibi iṣẹ́, ó ní kó máa fi í para láàárọ̀ lálẹ́. Ó ń fi í para. Bó ṣe ń fi í para ló ń burú sí i.

Ó ra ìbọ̀wọ́. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ fi rọ́bà kan orí tíṣà, ìyá náà tó ti di ojú là á. Ó ní òun ò fẹ́ bú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó ń ṣe òun bíi pé wọ́n ń wẹ òkú òun. Gbogbo bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín, àfi Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀. Nínú ìbọ̀wọ́ náà, òógùn bo egbò, ó tún wá le sí i. Nígbà tó bọ́ ọ, àwọn oníbàárà rí ọwọ́. Ẹnikẹ́ni ò sọ pé òun ò wá mọ́. Ọ̀kan ní ọmọ òun ń ṣàìsàn, ọ̀kan ní òun fẹ́ gé irun mọ́lẹ̀ ná. Tíṣà nìkan ló sọ ojú abẹ níkòó, ó bi í bóyá ó máa ń ràn.

Dókítà awọ tó lọ rí, obìnrin kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò pọ̀, sọ fún un pé kì í ràn. Ó yẹ ọwọ́ wò, ó ní kó yí padà, ó wo ẹ̀yìn, ó rí àpá róbótó náà. Ó bi í ibi tó ti rí i. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ sọ gbogbo rẹ̀, kò fi nǹkan kan pamọ́ àfi orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Awọ ò dà bí èèyàn,” dókítà wí. “Tó bá ti ka nǹkan kan sí ọ̀tá, kì í dárí jì í mọ́. Ohun tó wà lábẹ́ nọ́ńbà keje yẹn ni kí a mọ̀. Tí a bá mọ orúkọ rẹ̀, wàá máa sá fún un, wàá sì lè máa bá iṣẹ́ rẹ lọ. Tí a ò bá mọ̀ ọ́n, gbogbo ìgò lo máa sá fún.”

Ó tẹ ilé ìdánwò láago níṣojú rẹ̀. Wọ́n dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé àwọn kì í gba onídìrí. Ẹnì kan ṣoṣo tí ẹ̀yìn rẹ̀ bó, aláṣọ kan ni, ẹni tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun họ ọ́.

Gbogbo ohun tó kù láyé Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ wá di orúkọ kan. Ó bẹ ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n ní òun á wò ó. Ó tún bẹ̀ ẹ́, ẹ̀gbọ́n ní kó ní sùúrù, òun ń wá ojú ọ̀gá. Bí ọjọ́ ìsinmi ṣe ń dé, ẹ̀gbọ́n kì í wá sídìí àpótí mọ́. Ó ní iṣẹ́ pọ̀. Ìyá wọn gbọ́ pé àbúrò fẹ́ lọ sí ilé ìdánwò fúnra rẹ̀, ó dì í mú láṣọ, ó ní ẹni méjì ò gbọdọ̀ pàdánù iṣẹ́ nínú ilé kan. Ó ní ọwọ́ á jinná, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó bá ti lọ ti lọ. Kò bi í pé kí ni ọwọ́ tó ti ṣá máa fi iṣẹ́ ṣe.

Ó lọ. Ó wọ aṣọ tó dáa jù, ó fi ìborùn bo ọwọ́. Ọ̀gá jáde sí i ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀gbọ́n sì tẹ̀ lé e nínú kóòtù funfun. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ kúnlẹ̀ kí ọ̀gá. Ó ní irọ́ lòun pa lọ́jọ́ náà, òun ò họ ọ́, òun kì í sì í ṣe aláṣọ, onídìrí lòun. Ó ṣí ìborùn. Ó ní òun ò wá fẹjọ́ sun ẹnikẹ́ni, orúkọ ohun tó wà ní nọ́ńbà keje ni kí wọ́n sọ fún òun, òun á máa lọ.

Ọ̀gá gbé awò ojú kan sójú, ó wo ọwọ́ náà, ó sì jọ pé ọkàn rẹ̀ fẹ́ rọ̀. Ó yíjú sí olórí yàrá rẹ̀.

“Ṣé o mọ obìnrin yìí?”

Ojú ẹ̀gbọ́n kọjá lórí àbúrò rẹ̀, ó lọ bà sára ògiri.

“Mo rántí ojú rẹ̀, sà. Aláṣọ ni.”

Ọ̀gá tú awò ojú sílẹ̀. Ó ní kí ìyáàfin máa lọ, àwọn èèyàn irú èyí máa ń wá tí wọ́n bá gbọ́ pé wọ́n ń san owó gbà-máà-bínú. Ẹ̀gbọ́n ló ṣílẹ̀kùn fún un. Àwọn méjèèjì jọra débi pé ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wo ọ̀kan, ó wo ìkejì, ó sì mi orí.

Ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, bí ọ̀sán ṣe ń rọ̀, ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn dún. Ẹ̀gbọ́n wọlé. Kò kí, ó wá sí etí àbúrò rẹ̀ bí ẹni pé ògiri ń gbọ́, ó sọ orúkọ náà. Orúkọ gígùn ni, bí ìgbà tí èèyàn ń pe oríkì àjèjì. Ó ti kọ ọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́ kó má baà gbàgbé. Ó ní ọ̀gá ló jáde lọ jẹun, òun yọ́ wọ yàrá rẹ̀, kò pẹ́ rárá tóun fi rí i.

Kò pẹ́ rárá. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ gbọ́ ìyẹn. Ó di àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, ó wo bí wọ́n ṣe kọ orúkọ náà, ó sì lọ sídìí pẹpẹ. Ó mú ìgò àkọ́kọ́, ó fi ìka tó sán ń tọ lẹ́tà wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó wà níbẹ̀. Ó gbé e sílẹ̀, ó mú ìkejì. Ó wà níbẹ̀. Ó wà lára ìpara irun, ó wà lára ọṣẹ olómi, ó wà lára èyí tí wọ́n fi òdòdó sí lára pé ó dẹ̀ fún ọmọ ìkókó. Nígbà tó yẹ gbogbo pẹpẹ tán, ó mú ike ìpara tí ẹ̀gbọ́n fún un, èyí tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa tán. Ó wà níbẹ̀ náà. Epo lòun ti ń dà sí iná láàárọ̀ lálẹ́, tóun ń pè é ní omi.

Bó bá tiẹ̀ rí ìgò tí kò sí nínú rẹ̀, irun àwọn tó ń bọ̀ ńkọ́? Ilé oníkálukú ni wọ́n ti ń para wá. Orí tó bá dé ọwọ́ rẹ̀, ọlọ́dẹ ti dúró níbẹ̀ dè é. Orúkọ tó fẹ́ fi ra iṣẹ́ rẹ̀ padà kò lè ra nǹkan kan.

Ó yíjú padà. Ẹ̀gbọ́n ti fa àpótí jáde lábẹ́ pẹpẹ. Ó ti jókòó, ó ti tú síkáàfù, ó sì ti ń tú irun láti iwájú wá sẹ́yìn bí ìṣe rẹ̀, ara rẹ̀ ti fúyẹ́ bí ara ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Ó ti tú apá kan tán. Ó ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀fọ́rí tó ń dà á láàmú láti ọjọ́ mélòó kan, pé tí àbúrò òun bá tiẹ̀ fi ìbọ̀wọ́ ṣe é, òun ò ní bínú. Ó na ọrùn sẹ́yìn, ó dijú, ó ń retí ọwọ́.

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ dúró lókè rẹ̀. Ó wo àárín orí tó ti mọ̀ láti kékeré, níbi tí irun funfun ti ń yọ. Kò pè é ní ẹ̀gbọ́n.

“Ẹ má bínú, mà,” ó wí. “Aṣọ ni mò ń tà. N kì í dìrí.”

Ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó la ojú, ó wo inú dígí, ó rí ojú tó dúró lẹ́yìn òun, ẹ̀rín náà sì kú sí i lẹ́nu. Ó dìde. Ó kó irun tó ti tú àti èyí tí kò tíì tú pọ̀ sínú síkáàfù, ó so ó. Ó kọjú sí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, àmọ́ àbúrò rẹ̀ ti lọ dúró síbẹ̀, kò sì yẹ̀ fún un. Ìlẹ̀kùn iwájú, tí àwọn oníbàárà ń gbà, ló gbà jáde.